Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Fara Kàn

Ẹni tó bá lọ ṣe àyẹ̀wò ní lábù kan ní Àjàó Estate, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, yóò rí i pé onílábù kì í da gbogbo ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kan ṣoṣo. Ọ̀kan ní ìdérí pupa, òmíràn búlúù. Kì í ṣe fún ẹwà. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá fara kàn ló ń pinnu bí yóò ṣe yára dì tó.

Nínú omi ẹ̀jẹ̀, tí à ń pè ní plasma, àwọn èròjà kan wà tó ń sùn. Nọ́ńbà ni àwọn dókítà fi ń dárúkọ wọn. Bí plasma bá kan gíláàsì, Èròjà Kejìlá á lẹ̀ mọ́ ọn, ìrísí rẹ̀ á yí padà, á sì jí. Kejìlá á jí Kọkànlá. Kọkànlá á jí Kẹsàn-án. Kẹsàn-án àti Kẹjọ á jọ jí Kẹwàá. Níkẹyìn, fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ á ta, á sì so ẹ̀jẹ̀ pọ̀ bí àwọ̀n.

Oògùn inú ìgò búlúù ń di kálísíọ́mù mú kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì lójú ọ̀nà. Ní lábù, wọ́n á yọ plasma, wọ́n á fi nǹkan bí amọ̀ funfun kaolin jí Kejìlá, wọ́n á dá kálísíọ́mù padà, wọ́n á wá ṣọ́ aago láti mọ bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó dì. (Amọ̀ inú lábù ni mo wí o! Ẹ má bu iyẹ̀pẹ̀ sójú egbò. Tẹ́tánọ́ọ̀sì lè ti ibẹ̀ wọlé.)

Ní 1955, ní Cleveland, Amẹ́ríkà, Dókítà Oscar Ratnoff kọ̀wé nípa òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan, John Hageman. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ náà kọ̀, kò tètè dì nínú gíláàsì. Bẹ́ẹ̀, kò ní ìṣòro ẹ̀jẹ̀ yíya rí. Kejìlá ni kò ní. Ẹran ara tó bá ya ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Kò dúró de Kejìlá. Àní, ẹ̀jẹ̀ dídì tó há sínú ẹ̀dọ̀fóró ló pa Hageman ní 1968.

Ti ẹni tí Kẹjọ kò tó lára rẹ̀ yàtọ̀: nínú àyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà á pẹ́ kó tó dì, ṣùgbọ́n bó bá fara pa, ẹ̀jẹ̀ á ya gan-an. Nítorí náà, bí èsì bá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ yín pẹ́ kó tó dì, ẹ bi dókítà pé èròjà wo ló dín kù. Bí ẹ bá sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, bíi warfarin tàbí heparin, ẹ sọ fún onílábù kó tó gbé abẹ́rẹ́.