Ìlera Ọkàn Nínú Iṣẹ́ Òòjọ́ Wa



"Ṣé àlàáfíà ni?" ni a fi ń kí ara wa lọ́nà Rantya. Àwọn aládùúgbò wa tí ń sọ Hausa a ní, "Lafiya?" Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Láti inú èdè Lárúbáwá ni àwa àti àwọn ti gbà á, ìlera ni ó sì jẹ́ níbẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá, òun náà ni a lò fún ìfọ̀kànbalẹ̀ tí Ọlọ́run ń fi fún ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n tí ìbínú tàbí ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó sùn, kò tíì ní àlàáfíà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Èlíjà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 19. Ó ti ṣẹ́gun lórí òkè Kámẹ́lì, síbẹ̀ ìhàlẹ̀ Jésébélì lé e dé aginjù. Ó jókòó lábẹ́ igi, ó sì tọrọ ikú. Áńgẹ́lì kò bá a wí. Àkàrà àti omi ni ó gbé fún un. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni áńgẹ́lì jí i kí ó jẹun, kí ó tó rin 40 ọjọ́ lọ sí Hórébù. Kí àwa tí a rò pé ààwẹ̀ nìkan ni ìwòsàn ọkàn kíyè sí èyí. Ní Hórébù ni ó ti ṣàròyé pé òun nìkan ni ó kù. Ọlọ́run sì sọ fún un pé 7,000 ṣì wà.

Ẹni tí ọjà rẹ̀ jóná ní Terminus ní oṣù Kejì ọdún 2002, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìjà oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, mọ irú ìdánìkanwà yìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù rẹ̀ kò jáde mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ìtìjú a mú wọn fi gbèsè pamọ́ fún ìyàwó àti ìjọ, wọn a sì máa dáhùn pé, "A dúpẹ́." Kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹnì kan. Bí àìsùn náà bá sì pẹ́, kí wọ́n lọ rí dókítà. Kì í ṣe àìgbàgbọ́.

Èrè ìlera ọkàn hàn ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ó ní i kì í fi ìjà ilé dá oníbàárà lóhùn, kì í sì í fura sí ọmọ iṣẹ́ lásán. Ní ọ́fíìsì, kì í fi fáìlì ẹlòmíràn pamọ́ nítorí kùnsínú.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a ó wo Èlíṣà, tí Ọlọ́run fi ṣe olùrànlọ́wọ́ fún Èlíjà. Ẹ ka ẹsẹ 19 dé 21 kí ẹ tó wá.