Bí Ọdún Méjì Bá Ń Pé Lọ: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tó Ń Sìn Lẹ́yìn Odi

Ọmọ mi, wọ́n ní ọdún méjì tí ìjọba fi rán ọ lọ sí Gáḿbíà ti fẹ́ pé. Ní 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akinyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ni Nàìjíríà dá Technical Aid Corps, ètò tí o ń bá sìn yìí, sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti ẹnjiníà wa ti ń lọ sìn káàkiri Áfíríkà, títí dé Jàmáíkà àti Fíjì. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Oṣù tó gbẹ̀yìn la sì ti ń mọ ẹni tó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Ádó-Èkìtì tí mo jókòó sí yìí, mo ti rí àwọn tó padà wálé pẹ̀lú iyì, mo sì ti rí àwọn tó fi ọ̀sẹ̀ méjì ba iṣẹ́ ọdún méjì jẹ́. Fetí sílẹ̀.

1. Má jẹ́ kí ọkàn rẹ ṣáájú ara rẹ délé. Àjò kò lè dùn kí onílé má relé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ kò tíì pé. Òórùn iyán Adó yóò máa bá ọ ní kíláàsì. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdánwò WAEC tí ọmọ Adó ń ṣe ni ọmọ Bànjúlù náà ń ṣe. Bí ọmọ kan bá fìdí rẹmi nítorí pé o ti ń di ẹrù, àlàyé wo lo fẹ́ ṣe fún ìyá rẹ̀?

2. Fi iṣẹ́ lé ẹnìkan lọ́wọ́ kí o tó lọ. Yan ọmọ ìlú náà kan láti ìsinsìnyí. Jẹ́ kó máa ṣe é níṣojú rẹ. Bó bá ṣì í ṣe, tún un ṣe fún un. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: kọ́kọ́rọ́ wo ló ń ṣí yàrá wo, ẹ̀rọ wo ló máa ń kọṣẹ́ bí iná bá lọ, ọmọ wo ni kò ríran láti ìjókòó ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo mọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ó lò, ọjọ́ tí o bá wọ bàálù ni wọn yóò da aṣọ bò ó, kò sì ní sí ẹni tí yóò ṣí i mọ́.

3. San gbèsè rẹ, títí kan ti búrẹ́dì. Lọ bá oníṣọ́ọ̀bù tó ń tà fún ọ láwìn, kó ka ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ sí ọ létí, kí o san án tán. Bí o bá sá fún un, kì í ṣe orúkọ rẹ nìkan ló bàjẹ́. Ọmọ Nàìjíríà tó bá dé lẹ́yìn rẹ ni wọn kò ní tà fún.

4. Dágbére lójúkojú. Jókòó ti àwọn tó ń se àtáyà. Tíì náà kì í tètè jinná: láti òkè ni wọ́n ti ń dà á láti ife kékeré kan sí èkejì kó lè hó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ń gbé e ká. Mu ún dé ẹ̀kẹta. Bí àgbàlagbà kan bá na ọwọ́ òsì sí ọ, má bínú. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ àlè ní í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, òun ni wọ́n fi ń bọ ẹni tó ń lọ sọ́nà jíjìn lọ́wọ́, kó lè di dandan fún un láti padà wá tún un ṣe. Ìfẹ́ ni. Na tìrẹ náà.

5. Ṣọ́ ohun tí ìka rẹ ń kọ. Ó máa ń wu ẹni tó ń lọ láti tú gbogbo ohun tó ti ń gbé mì síta. Ní oṣù kẹwàá 1961, Margery Michelmore, ọ̀dọ́bìnrin Amẹ́ríkà tó wà lára àwọn olùyọ̀ǹda Peace Corps tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, kọ káàdì kan tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, ó bu ẹnu àtẹ́ lu bí a ṣe ń gbé n'Íbàdàn. Káàdì náà jábọ́, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, inú bí wọn, wọ́n fẹ̀hónú hàn. Kò tíì parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó fi padà sílé. Ẹyin lọ̀rọ̀. Káàdì kan lásán nìyẹn. Mélòó mélòó ni fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ.

6. Gba ìwé rẹ kí o tó gbéra. Lẹ́tà tó sọ iṣẹ́ tí o ṣe, pẹ̀lú ìbuwọ́lù ọ̀gá àti òǹtẹ̀, ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá tó mọ̀ ọ́ lónìí lè ti fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀. Kọ̀wé sí ibi iṣẹ́ rẹ nílé náà pé o ń bọ̀, kí wọ́n má baà fi ẹlòmíì sípò rẹ.

7. Má yáwó ra ẹ̀bùn. Àwọn ará ilé yóò rò pé àpò dọ́là lo gbé bọ̀. Láti ibẹ̀ ni kí o ti sọ òtítọ́ fún wọn pé owó ìtọ́jú ni wọ́n ń fún ọ. Mú nǹkan díẹ̀ wá fún àwọn òbí rẹ, kí o sì fi ìyókù pamọ́, torí ó lè pẹ́ kí owó oṣù tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

8. Bí o bá délé, kọ́kọ́ máa wò. Nǹkan ti yí padà lẹ́yìn rẹ, ìwọ náà sì ti yí padà. Bí o bá ń ṣàárò ibẹ̀, kì í ṣe àìsàn. Ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíì ní í sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ìwọ ti dé ibẹ̀, má wá máa fi ti baba rẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ń sọ "báyìí kọ́ ni wọ́n ń ṣe é ní Gáḿbíà" láàárọ̀ lálẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa sá fún un. Ṣe ohun tí o kọ́ níṣojú wọn. Ẹni tó bá wù yóò bi ọ́.

9. Wá ẹni tó kàn. Láti Adó, láti Ìkẹ́rẹ́, láti Ìjerò, ẹlòmíì ṣì ń bọ̀ wá lọ. Sọ fún un bí ooru ibẹ̀ ṣe rí, bí wọ́n ṣe ń yí abọ́ kan ká jẹun, àti ìdí tí kò fi yẹ kó kánjú bí wọ́n bá ń kí i. Ohun tí ojú rẹ rí kí o tó mọ̀ ọ́n, má jẹ́ kí ojú tirẹ̀ tún rí i.

Ọlọ́run yóò mú ọ padà wálé láyọ̀.