Ẹ̀KỌ́ WA: TA LÓ RÁN YÍN NÍṢẸ́ TÍ Ẹ Ń JẸ́?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àbúrò wa, tí a jọ ń tajà ní Lẹ́kkí Phase 1, àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ tó fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lónìí.

Ní ọjọ́ 20, oṣù keje, 2014, Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Liberia. Ẹ̀rù ba gbogbo wa. Nígbà tó di òru mọ́jú ọjọ́ 8, oṣù kẹjọ, iṣẹ́ kan ń fò láti fóònù dé fóònù, lórí WhatsApp àti Facebook: kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, Ebola ò ní mú un. Ìyá ń jí ọmọ, ọmọ ń pe ìyá. Irọ́ ni! Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé ìròyìn fi hàn pé ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Iyọ̀ ọbẹ̀ kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń fa omi kúrò nínú ọpọlọ. Ẹni tó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ewu tiẹ̀ tún pọ̀ sí i.

Kí ló wá lé Ebola lọ? Dókítà Ameyo Adadevoh kò jẹ́ kí Sawyer kúrò ní ọsibítù. Àrùn náà ló pa dókítà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn tó súnmọ́ aláìsàn kàn, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò fún ọjọ́ 21. Ènìyàn 20 ló mú, 8 kú. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, 2014, WHO kéde pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ẹ gbọ́ o. Bí ẹni tí a ò mọ̀ bá gbé ọjà wá sí ìsọ̀ wa, ṣé a ò ní bi í pé níbo lo ti rà á? Ẹ jẹ́ ká bi iṣẹ́ orí fóònù náà bẹ́ẹ̀:

1. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Kí lorúkọ rẹ̀, kí sì niṣẹ́ rẹ̀?
2. Ṣé nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí a mọ̀ jẹ́rìí sí i?
3. Bó bá jẹ́ irọ́, ta ni yóò jìyà rẹ̀?

Bí ẹ ò bá rí ìdáhùn, ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́nì kankan. Ẹ pe NCDC lórí 6232, ọ̀fẹ́ ni.

Iyọ̀ la ń tà, a ò ta ikú. Ọjà á tà o.