Bí Ásímà Bá Wà Nínú Ìdílé Yín

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Mo mọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù: ìyá rẹ ní ásímà, ìwọ náà sì ti ń tẹ́tí sí bí ọmọ rẹ ṣe ń mí lóru.

Lóòótọ́, ó máa ń bá ìdílé rìn. Ní erékùṣù Tristan da Cunha, ìwọ̀nba èèyàn ló tẹ ibẹ̀ dó láti 1816. Ásímà wà lára àwọn kan nínú wọn, àrọ́mọdọ́mọ wọn sì ń bá a yí títí dòní. Ṣùgbọ́n wo àwọn ìbejì tí a kò lè dá mọ̀ yàtọ̀: Táíwò lè ní in kí Kẹ́hìndé má ní in. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ọmọ ń gbé àti ohun tó ń fà símú ń dá kún un, apá tiwa sì ká ìyẹn.

Èéfín ni kí o kọ́kọ́ bá wí. Sìgá, igi ìdáná, sítóòfù kẹrosíìnì, jẹnẹrétọ̀ lẹ́bàá fèrèsé, kọ́ìlì tí a ń tàn lé ẹ̀fọn, kò sí èyí tó dáa nínú wọn. Ta nẹ́ẹ̀tì dípò kọ́ìlì. Bí o bá lóyún, lé ẹni tó ń mu sìgá jáde, ì báà jẹ́ ọkọ rẹ. Èéfín yẹn ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ní jàǹbá kí wọ́n tó bí i.

Àṣírí kan rèé: mo fẹ́ràn tùràrí bí ojú! Síbẹ̀, bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ní ásímà bá ń bọ̀, mi ò jẹ́ tàn án.

Ó tún ku bẹ́ẹ̀dì. Kòkòrò tíntìntín tí ojú kò rí ń gbé inú tìmùtìmù àti ìrọ̀rí, ìgbẹ́ rẹ̀ sì lè fún ọmọ láyà. Fi omi gbígbóná fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Wọ́n omi sílẹ̀ kí o tó gbálẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bo oúnjẹ nítorí aáyán, torí òun náà wà lára ohun tó ń ru ásímà sókè.

Má gbọ́ ti àwọn tó ń sọ pé ínhélà ń di bárakú. Èyí tí dókítà ní kí ọmọ máa lò lójoojúmọ́, kó lò ó bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá, kó sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

Bó bá ń mí gúlegúle tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí, fún un ní ínhélà tó ń tú èémí, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀. Jọ̀wọ́, má dúró de ilẹ̀ mọ́.