Bí A Ṣe Ń Gbé Ọmọ Kékeré Wọ Ọkọ̀ Òfurufú: Etí Ọmọ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rò

 

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, ọmọ ọdún 1 sí ọdún 3, tí òbí rẹ̀ fẹ́ gbé wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹlòmíràn á ní, "Kí ló kan èmi nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú?" Ẹ wo agbo ilé yín dáadáa. Ta ni kò mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà ní Párísì, tàbí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Abidjan tàbí ní Libreville? Ọjọ́ tí ìwé bá jáde, ìyàwó á pọn ọmọ, ó di Kútọnu. Bí kò bá ṣe ẹ̀yin, á ṣe ọmọ yín tàbí ará ilé yín.

Ìyá ọlọ́mọ kan ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù 18. Aládùúgbò kan ti sọ fún un pé kó ra oògùn olómi tó ń mú ọmọ sùn, kó fún un ní ṣíbí kan kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, kí ọmọ má baà fi igbe dí àwọn èrò lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣé kí n fún un?"

Rárá o, ìyá. Ẹ má fún un. A ó sọ ìdí rẹ̀, a ó sì sọ ohun tí ẹ máa ṣe dípò rẹ̀.

Kí ló ń mú ọmọ ké nínú ọkọ̀?

Ebi lè mú un ké, oorun lè mú un ké, ìjókòó ojú kan lè sú u. Ṣùgbọ́n igbe kan wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń gòkè, tó sì máa ń le sí i nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Igbe etí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Ọkọ̀ òfurufú ńlá máa ń gòkè tó nǹkan bí 10,000 mítà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju èyí tí èèyàn lè fi mí lọ. Nítorí náà, ẹ̀rọ ló ń ti afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀. Síbẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ kò ki tó ti ilẹ̀ tí a wà yìí. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá wà lórí òkè tó ga ní 1,800 sí 2,400 mítà. Ní Benin tiwa yìí, òkè tó ga jù lọ kò tó 700 mítà. Ẹ ẹ̀ rí i pé ara wa kò mọ irú ibẹ̀ rí.

Ẹ mú ìgò omi oníke kan tó ti ṣófo. Bí ẹ bá dé e pa nígbà tí ẹ wà lókè nínú ọkọ̀, nígbà tí ẹ bá fi máa balẹ̀, ẹ ó rí i pé ìgò náà ti tẹ̀ wọnú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Afẹ́fẹ́ ìta ti ki ju ti inú rẹ̀ lọ, òun ló tẹ̀ ẹ́.

Bí etí ṣe rí náà nìyẹn. Lẹ́yìn ìlù etí, àyè kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Ihò tóóró kan so àyè yẹn pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn imú, lókè ọ̀nà ọ̀fun. Bí ọkọ̀ bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ inú etí máa ń gba ihò yẹn jáde láìní wàhálà púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ padà wọlé, ihò náà kì í sì fẹ́ ṣí fún un. Ìlù etí á wá tẹ̀ wọnú bí ìgò wa yẹn, á sì máa dun ọmọ. Ti ọmọdé tún tóóró ju ti àgbà lọ. Bí ọ̀fìnkìn bá wà lára rẹ̀, ikun lè dí i pátápátá.

Kí ló ń ṣí ihò náà? Èèyàn á yán, tàbí kó gbé nǹkan mì. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n ṣe: ẹ ó gbé itọ́ mì, etí á dún "pọ́", ara á tù yín. Ọmọ oṣù 18 kò mọ èyí. Ẹkún nìkan ló lè fi bá yín sọ ọ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí

Ẹ fún un lọ́mú. Oògùn etí tó dára jù lọ nínú ọkọ̀ òfurufú nìyẹn, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Bí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, ẹ fún un ní omi nínú ife tàbí nínú bíbérọ̀n, ní ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra àti ní ìgbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa mu ún, kó lè máa gbé e mì léraléra. Ẹ gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sùn gbalaja mu ún.

Ẹ fiyè sí ibí yìí o: ọkọ̀ kì í dédé balẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Bí wọ́n bá ti kéde pé ọkọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, tí ọmọ bá ń sùn, ẹ jí i. Mo mọ̀ pé kò sí ìyá tó fẹ́ jí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sùn kì í gbé itọ́ mì dáadáa. Ẹ jí i, ẹ fún un lọ́mú, ẹ máa bá a ṣeré.

Ẹ má tíì fún un ní gbogbo oúnjẹ àti omi tán kó tó di ìgbà yẹn. Ẹ fi ti sísọ̀kalẹ̀ pa mọ́.

Ìdí tí a fi ní kí ẹ má fún un ní oògùn oorun

Èkíní, ẹ ti gbọ́ ọ báyìí: ọmọ tí oògùn bá gbé sùn kò ní gbé nǹkan mì nígbà tí etí rẹ̀ nílò rẹ̀ jù. Èkejì, púpọ̀ nínú àwọn oògùn olómi tí wọ́n ń tà lọ́jà pé ó ń mú ọmọ sùn, oògùn ara yíyún tàbí ti ikọ́ ni wọ́n. Èyí tó ní prométhazine nínú, kò yẹ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 fẹnu kàn án rárá, nítorí ó lè dí mímí rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lè pa á. Ẹ sì rántí pé afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ kò ki tó ti ilẹ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ kan wà tí oògùn náà kì í mú sùn. Ńṣe ló máa ń dá ara wọn láàmú, tí igbe á sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹkún ọmọ kò pa èrò ọkọ̀ rí. Ẹni tó bá fojú burúkú wò yín, ẹ kí i, ẹ máa tọ́jú ọmọ yín lọ.

Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe ọmọ, tí etí ń dùn ún, tàbí tí nǹkan ń ṣàn jáde létí rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú ìrìnàjò. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹ etí náà wò, kó sọ bóyá ó lè wọ ọkọ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀dọ̀ owó àti ìwé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lè jókòó lórí itan òbí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lọ sí ìlú òkèèrè, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbà ni wọ́n ń gbà fún un. Ká ní àgbà san 500,000 fráǹkì, ti ọmọ á tó nǹkan bí 50,000, yàtọ̀ sí owó orí tí wọ́n lè fi kún un. Bí ó bá ti pé ọdún 2, ó gbọ́dọ̀ ní ìjókòó tirẹ̀, owó rẹ̀ á sì fò sókè. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ títí dé ọjọ́ tí ẹ máa padà, nítorí ọmọ tó lọ lórí itan lè pé ọdún 2 kó tó bọ̀.

Ọmọ gbọ́dọ̀ ní páásìpọ́ọ̀tù tirẹ̀. Bí òbí kan ṣoṣo ló ń gbé e lọ, ẹ béèrè ìwé àṣẹ òbí kejì lọ́dọ̀ ìjọba ní kùtùkùtù, ẹ má dúró di ọjọ́ ìrìnàjò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, èyí tí ilé ìwòsàn ń pè ní fièvre jaune, oṣù 9 ni wọ́n ń fún ọmọ níbí. Ìwé rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ lónìí, tó fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ́la, ó ti pẹ́ jù.

Nínú àpò ọwọ́, ẹ kó ìlédìí tó ju iye tí ẹ rò pé ẹ máa lò lọ, aṣọ méjì fún ọmọ, ẹ̀wù kan fún ẹ̀yin náà, nítorí ọmọ lè bì sí yín lára. Ẹ mú aṣọ òtútù, inú ọkọ̀ máa ń tutù. Ó tún máa ń gbẹ, nítorí náà ẹ máa fún ọmọ lómi lóòrèkóòrè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n àti bisikíìtì dára. Ẹ̀pà kò dára fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ó lè há a lọ́fun. Ní ibi àyẹ̀wò ẹrù, ọ̀pọ̀ pápákọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn mú ohun olómi tó ju 100 mílílítà lọ wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fàyè gba wàrà àti omi ọmọ. Ẹ fi hàn wọ́n fúnra yín. Ẹ̀yin tó ń lọ sí Faransé, ẹ má kó wàgàṣì àti ẹran gbígbẹ dání: wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín.

Kò sí ọ̀já pípọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra tàbí tó bá ń balẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á fún yín ní ìgbànú kékeré tí wọ́n máa so mọ́ tiyín. Ẹ má fi ìgbànú tiyín nìkan di ara yín àti ọmọ pọ̀, nítorí bí ọkọ̀ bá gbọ̀n, ara yín ló máa tẹ ọmọ. Tí wọ́n bá ní èèyàn lè dìde, ẹ di ọmọ lọ́wọ́ mú, ẹ bá a rìn díẹ̀. Láti Kútọnu dé Párísì tó wákàtí 6, ọmọ tó ń kọ́ ìrìn kò lè jókòó tó bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ bá mi tún un wí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, kí ni ọmọ máa ṣe? Ó máa mu nǹkan. Nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, tí ọmọ ń sùn ńkọ́? A ó jí i, a ó fún un lọ́mú. Oògùn oorun ńkọ́? A ò ní fún un.

Ẹni tó bá gbọ́, kó sọ fún ẹni tí kò gbọ́. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìrìnàjò lọ ire, kí ẹ bọ̀ ire. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.