Owendo: Ẹnu Ọ̀nà Ẹrù Gàbọ̀n

Ìrẹsì tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń wọ̀n ní ọjà Mont-Bouët ní Libreville, Owendo ló ti bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ òkun. Ibẹ̀ náà ni adìyẹ inú yìnyín gbà wọlé, àti tòmátì inú agolo, àti ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń sáré kiri ìgboro. Púpọ̀ nínú àwa tí à ń gbé Libreville ló ń jẹ nínú ohun tó gba Owendo wọlé, síbẹ̀ a ò mọ ìlú náà ju ibi tí tirélà pọ̀ sí lọ. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Owendo wà ní gúúsù Libreville, létí omi gbalasa tí odò Komo gbà ṣàn wọ òkun. Ìlú méjèèjì ti fẹ̀ títí wọ́n fi wọnú ara wọn. Ẹni tó jókòó sínú takisí kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Owendo ní mẹ́rì tirẹ̀ àti ilé ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2013, nǹkan bí 79,000 ni wọ́n kà níbẹ̀, nígbà tí Libreville lé ní 700,000. Gbogbo Gàbọ̀n lápapọ̀ kò tó mílíọ̀nù méjì nígbà náà, nítorí náà ìlú kékeré kọ́ ni Owendo ní orílẹ̀-èdè yìí.

Irú ìlú bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ayé. Èkó ní Apapa. Ní gúúsù Bràsíìlì, Canoas wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Porto Alegre. Porto Alegre ni ìjọba fi ṣe ibùjókòó, ṣùgbọ́n Canoas ni wọ́n kọ́ ilé ìfọpo ńlá àti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sí. Nígbà tí omi ya wọ agbègbè náà ní oṣù karùn-ún 2024, Canoas wà lára ibi tó jìyà jù. Ìlú ńlá ló ń gba orúkọ. Ìlú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gba èéfín àti ariwo ọkọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kọ́ èbúté Owendo. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, báwo ni ọrọ̀ inú igbó ṣe ń dé òkun? Ní ti gẹdú, wọ́n máa ń so igi púpọ̀ pọ̀ lórí odò Ogooué, omi á sì gbé e lọ sí Port-Gentil. Máńgánẹ́ẹ̀sì kò lè léfòó ní tirẹ̀, torí òkúta ni. Wáyà ni wọ́n fi ń gbé e. Láti Moanda, níbi tí wọ́n ti ń wà á, garawa irin tí wọ́n gbé kọ́ sára wáyà á máa rìn lókè igbó fún kìlómítà 76, títí dé Mbinda ní ilẹ̀ Kóńgò. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbà á lọ sí èbúté Pointe-Noire. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni òkúta Gàbọ̀n ń gbà kọjá kó tó rí ọkọ̀ òkun wọ̀.

Ààrẹ Omar Bongo ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n la ọ̀nà rélùwéè láti Owendo wọ inú igbó lọ. Báńkì Àgbáyé kọ̀ láti yá wọn lówó. Wọ́n ní ọ̀nà náà kò ní pa owó tí wọ́n bá ná lé e. Owó epo rọ̀bì àti owó tí wọ́n yá níbòmíràn ni wọ́n fi ṣe é. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1974, ọkọ̀ dé Ndjolé ní 1978, ó sì dé Franceville ní ìparí 1986. Ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà 648. Gbèsè rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè náà lọ́rùn, síbẹ̀ ó dá mi lójú pé ó yẹ kí wọ́n ṣe é. Láìsí rélùwéè yẹn, Owendo ìbá jẹ́ èbúté tí ẹrù kàn ń gbà wọlé ni, tí ohun kan gúnmọ́ kò ní máa gbà jáde.

Gẹdú tó ń bá rélùwéè dé, okoumé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Igi tó fúyẹ́ ni, ó tọ́ gbọnrangandan, inú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, odindi gẹdú ni wọ́n ń kó sọ́kọ̀ ní Owendo. Ilẹ̀ Faransé àti Ṣáínà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di nǹkan tí èèyàn lè lò. Ní 2010, ìjọba fòfin dè é: gẹdú tí wọn ò tíì ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde mọ́. Òfin náà kọ́kọ́ mú àwọn ènìyàn lára. Àwọn ilé iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀rọ kò mọ ibi tí wọn ó yà sí, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì pàdánù iṣẹ́. Lọ́dún kan náà, ìjọba bá ilé iṣẹ́ Olam ṣàdéhùn láti ṣí àgbègbè iṣẹ́ kan sí Nkok, ní kìlómítà 27 sí Libreville. Ilẹ̀ náà ju héktà 1,100 lọ. Àwọn onílé iṣẹ́ láti Íńdíà, Ṣáínà àti ibòmíràn wá kọ́ ilé iṣẹ́ síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ gẹdú ń yà sí báyìí kí ó tó dé Owendo.

Kí ni wọ́n ń fi gẹdú ṣe níbẹ̀? Ẹ wo bí pílíwúùdù ṣe ń di pílíwúùdù. Wọ́n á kọ́kọ́ bó èèpo igi náà kúrò. Wọ́n á gbé e sáàárín apá ẹ̀rọ méjì tí yóò di orí àti ìdí rẹ̀ mú, ẹ̀rọ á sì máa yí i. Abẹ kan wà níwájú rẹ̀ tó gùn tó gẹdú náà gan-an. Bí igi ṣe ń yí ni abẹ ń sún mọ́ ọn, igi á wá máa tú jáde ní pẹlẹbẹ, bí ẹní tí a ká tí a ń tẹ́ sílẹ̀. Pẹlẹbẹ yìí kì í nípọn ju mìlímítà mélòó kan lọ. Wọ́n á gé e, wọ́n á gbẹ ẹ́ nínú ẹ̀rọ tó gbóná, nítorí gọ́ọ̀mù kì í di igi tútù mú.

Ibi tí ọgbọ́n wà ni bí wọ́n ṣe ń tò ó. Bí ìlà ara igi ti àkọ́kọ́ bá dọ́gba pẹ̀lú gígùn, ti èkejì á dábùú, ti ẹ̀kẹta á tún dọ́gba pẹ̀lú gígùn. Mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje ni wọ́n sábà máa ń tò, kí òkè àti ìsàlẹ̀ lè bára mu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí gọ́ọ̀mù á fi gbé e. Pákó lásán máa ń wú, ó sì máa ń ká bí omi àti oòrùn bá ti ń lù ú. Nínú pílíwúùdù, èyí tó dábùú kò ní jẹ́ kí èyí tó nà gbalaja wú bó ṣe fẹ́. Kò sí káfíńtà tí kò mọ ìyàtọ̀ náà. Ẹni tó bá ta odindi gẹdú, owó igi nìkan ló gbà. Ẹni tó bá ta pílíwúùdù gba owó igi, ó gba owó òṣìṣẹ́ àti owó ẹ̀rọ lé e.

Owendo fúnra rẹ̀ ní ju èbúté lọ. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó epo mọ́tò pa mọ́ sí nínú táńkì ńláńlá. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kan wà. Ní 2017 wọ́n ṣí èbúté tuntun mìíràn síbẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ sí Franceville, ibùdókọ̀ Owendo ló ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Ní Pont-Nomba, àwọn apẹja láti Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú omi wọn já ẹja, nínú omi kan náà tí ọkọ̀ òkun ńlá ń gbà wọlé.

Ìgbà gbogbo kọ́ ni ilẹ̀ yìí rọ àjèjì lọ́rùn. Ní 1978, nígbà tí Bongo àti Kérékou, ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, ń bára wọn jà, wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní Gàbọ̀n. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba kéde pé àwọn iṣẹ́ kéékèèké kan, bíi ṣọ́ọ̀bù àdúgbò àti àtúnṣe fóònù, di ti ọmọ onílẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ènìyàn wa gbọ̀ngbọ̀n. Èrò tèmi ni pé kí àwọn òbí wa níbí fi ọmọ wọn sẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ wẹ́dà àti iṣẹ́ iná mànàmáná, nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ń wá òṣìṣẹ́ sí, wọ́n á sì tún wá púpọ̀ sí i.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni máńgánẹ́ẹ̀sì. Òkúta dúdú yìí ni wọ́n ń yọ́ mọ́ irin kó lè le. Gàbọ̀n wà lára àwọn tó ń wà á jù láyé, àwọn ọkọ̀ ojú irin tó gùn rẹrẹ ló sì ń kó o dé Owendo, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń wọ ọkọ̀ òkun bí wọ́n ṣe wà á. Ní oṣù karùn-ún 2025, ìjọba kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2029, máńgánẹ́ẹ̀sì tí wọn ò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ kò ní jáde mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún gẹdú ni wọ́n fẹ́ ṣe fún òkúta. Ṣùgbọ́n abẹ àti gọ́ọ̀mù tó fún gẹdú. Òkúta ní tirẹ̀ ń fẹ́ iná ìléru tó ń jẹ iná mànàmáná lọ́pọ̀lọpọ̀. Moanda ti ní ilé ìyọ́rin kan láti 2015, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ló lè yọ́ nínú òkúta tó ń jáde. Iná tí a mọ̀ ní Libreville, tó ń lọ tó ń bọ̀, kò lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọba ní láti kọ́ ilé iṣẹ́ iná tuntun, kí wọ́n sì tún rélùwéè tó jẹ́ ojú irin kan ṣoṣo náà ṣe, kí 2029 tó dé.