Ìwé Ìtàn tí ó Sọnù Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa gbogbo àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ rẹ́, bí kò bá tíì kọ ohun mìíràn lé e lórí, lè rí púpọ̀ nínú rẹ̀ gbà padà nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹpútà tó dé ni irú àdánù bẹ́ẹ̀ ti bá ìdílé Johnson.

Ní ọdún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ parí ìwé ìtàn Yorùbá, èyí tí ogun Òṣogbo àti ogun àwọn Ìjẹ̀ṣà wà nínú rẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù. Samuel kú ní 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀, ẹni tí í ṣe oníṣègùn, kó àwọn àkọsílẹ̀ jákujàku tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì fi wọ́n tún gbogbo ìwé náà kọ. Iṣẹ́ kékeré kọ́, nítorí ìwé náà ju 600 ojú-ewé lọ! Ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ òkun Appam tí ó ń gbé e lọ, wọ́n sì wà á dé Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Ní 1921 ni ó jáde; Obadiah ti kú ní 1920.